Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìdíwọ̀n fún Ilé-Ìdóòlà Ẹran Ọ̀sìn: Ọ̀ràn Àìṣègbè nínú Ìṣẹ̀dá Èdè-Ìperí

1. Ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ajá tàbí ológbò wálé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní New York tàbí ní Houston lónìí lè má ya ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta ajá rárá. Ilé kan wà nínú ìlú tí wọ́n ti ń gba àwọn ẹran tí ó sọnù, àwọn tí ẹni tí ó ni wọ́n kò lè bọ́ wọn mọ́, àti àwọn tí òfin gbà lọ́wọ́ òǹrorò. Ibẹ̀ ni yóò ti yan ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbéra, yóò kọ́kọ́ wá ohun tí àwọn tí ó ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀ sọ nípa ilé náà. Ẹnìkan yóò wí pé inú ilé náà mọ́ tónítóní, pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì lọ́yàyà. Ẹlòmíràn yóò wí pé apẹran ni gbogbo wọn. Bí ọ̀rọ̀ kejì yìí bá tàn kálẹ̀, tí kò sì tọ́ sí ilé náà, ohun tí yóò tẹ̀lé e kò ṣòro láti rí: owó ìtọrẹ yóò dínkù, àwọn tí ì bá mú ẹran yóò gba ibòmíràn lọ, àwọn ẹran tí ó wà nínú àgò yóò pẹ́ sí i níbẹ̀, àyè yóò sì há. Àyè híhá ni ó sì ń fa pípa tí wọ́n torí rẹ̀ bú ilé náà.

Nítorí náà, àgbéyẹ̀wò irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ èdè kí ó tó di iṣẹ́ ìṣirò. Olùtumọ̀ tí wọ́n bá gbé ìwé irú ilé bẹ́ẹ̀ fún, tàbí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ ìtọ́jú ẹran, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ sí òun lẹ́nu ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó jókòó. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń ṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jáde nínú Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984, èdè fúnra rẹ̀, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ fún. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ bí ìpajẹ tàbí àrànmọ́ lè bà lórúkọ jẹ́. Kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe kedere, kí ó má gùn jù, kí ó sì bá òfin èdè mu, ó ti tó. Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi díwọ̀n ilé-ìdóòlà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé orúkọ ènìyàn àti ẹ̀mí ẹran so mọ́ ọn. Ó yẹ kí ó ní ànímọ́ kan sí i: kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò dá a. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni Yorùbá ń pè ní àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ń gba ẹjọ́ ẹnìkan rò nínú ìhun rẹ̀ kò sàn ju irú àgbà bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Orúkọ ilé náà

Ní 1860 ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Tealby ṣí ilé kan ní Holloway ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún ilé náà, bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀, ni Ilé Onígbà-Díẹ̀ fún Àwọn Ajá Tí Ó Sọnù Tí Ebi sì Ń Pa. Ní 1871 ni ó kó lọ sí Battersea, níbi tí ó wà títí di òní. Láti 1883 ni ó sì ti ń gba ológbò pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ méjì nínú orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì: ilé, àti onígbà-díẹ̀. Ibi ìrékọjá ni, kì í ṣe ibi tí ẹran yóò gbé dọjọ́ ikú.

Ní New York ní àkókò kan náà, ibi tí ìjọba ìlú ń kó ajá ìgboro sí kò jọ èyí rárá. Bí ẹnìkan kò bá wá béèrè ajá lákòókò, wọn a kó o sínú àgò irin pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn a sì rì wọ́n sínú East River. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí olùtumọ̀ pè ní ilé-ìhámọ́, kí ó má sì lo orúkọ kan náà fún un àti fún ilé Mary Tealby. Ilé-ààbò ni ọ̀rọ̀ gbogboogbò tí ó lè kó gbogbo wọn pọ̀ lónìí, yálà ìjọba ni ó ni ín tàbí ẹgbẹ́. Ilé-ìdóòlà sì ni ti ẹgbẹ́ tí ó dá ara rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ náà mú ìṣòro kékeré kan wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kọ ilé-ààbò ẹranko. Ṣùgbọ́n ẹran oko ni ó di ẹranko, ajá kì í sì í ṣe ẹran oko. Bí ènìyàn bá sì kọ ilé ẹran lásán, ọ̀dọ̀ alápatà ni ọkàn òǹkàwé yóò lọ. Ẹran ọ̀sìn ni ó dára jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ àti adìẹ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká yóò sọ èyí tí wọ́n ń sọ.

3. Ẹnu ọ̀nà

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹran fi ń wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ jù lọ. Èyí tí wọ́n rí níta láìsí olúwa ni ẹran aṣáko. Èyí tí ẹni tí ó ni ín fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú wá ni ẹran àjọ̀wọ́, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe jọ̀wọ́, tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn yọwọ́ kúrò nínú nǹkan. Èyí tí òfin gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó fìyà jẹ ẹ́ ni ẹran àgbẹ́sẹ̀lé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò ní láárí títí di ìgbà tí ènìyàn bá béèrè ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e: ta ni ilé náà lè kọ̀?

Àwọn ilé kan wà, pàápàá ti ìjọba, tí kò lè kọ ẹran kankan tí wọ́n bá gbé dé láti agbègbè wọn. Ajá arúgbó, ajá tí ó ti bu ènìyàn jẹ, ọmọ ológbò tí àrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Àwọn mìíràn ń gba ìwọ̀n tí àyè àti owó wọn gbé. Bí àgò bá kún, wọn a ní kí ẹni tí ó gbé ẹran wá padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, tàbí kí ó gba ibòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó tètè ń wá síni lẹ́nu fún irú kejì yìí ni aṣàgbà, èyí tí ń ṣà kí ó tó gbà. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì dùn ún pè, ṣùgbọ́n èébú wà nínú rẹ̀. Ilé tí kò gba ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká lọ kò ṣe ibi. Agbàníwọ̀n ni ó yẹ é. Èyí tí kò lè kọ̀ sì ni agbàláìkọ̀. Kò sí ìyìn tàbí ẹ̀gàn nínú ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì hàn nínú ìtàn San Francisco. Ẹgbẹ́ adènà-ìfìyàjẹ-ẹran ti ìlú náà ni ó ń bá ìjọba kó ajá ìgboro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Richard Avanzino, tí ó jẹ́ olórí rẹ̀, ni ó darí rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ìjọba ìlú sì dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1989. Ẹgbẹ́ náà wá di agbàníwọ̀n, ẹ̀ka ìjọba sì di agbàláìkọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, orúkọ rere ẹgbẹ́ náà ì bá ti dúró lórí èjìká ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ní 1994 àwọn méjèèjì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan: ajá tàbí ológbò yòówù tí ara rẹ̀ bá yá, tí ẹ̀ka ìjọba kò sì rí ẹni fún, ẹgbẹ́ náà yóò gbà á, yóò sì wá ilé fún un. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí yóò bá ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀kan ní San Francisco láìwo èkejì, ìdajì òtítọ́ ni yóò sọ.

Ti New York korò ju èyí lọ. Henry Bergh dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1866 láti dá ìfìyàjẹ-ẹran dúró. Ó kú ní 1888. Ní 1894 ni ẹgbẹ́ náà gba iṣẹ́ ilé-ìhámọ́ ìlú, tí ó sì di pé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Bergh fúnra wọn ni ń pa àwọn ajá tí ẹnìkan kò wá béèrè. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ó bá pè wọ́n ní apẹran ní àkókò náà kò purọ́, ẹni tí ó bá sì pè wọ́n ní olùdóòlà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò lè gba òtítọ́ méjèèjì pọ̀ kò tó fún irú ilé bẹ́ẹ̀.

4. Pípa àti àìpa

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún pípa ẹran láìní ìrora wá láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ ní ṣangiliti sì ni ikú rere. Olùtumọ̀ kò gbọdọ̀ tọ ipasẹ̀ yẹn. Ikú rere lójú Yorùbá ni kí ènìyàn dàgbà, kí ó gbó, kí ó fi ọmọ sílẹ̀ tí yóò sin ín. Ajá ọlọ́dún méjì tí wọ́n pa nítorí pé àgò kún kò kú ikú rere, bí ó ti wù kí ikú náà rọrùn tó.

Àwọn kan ń lo ìpa-àánú. Ọ̀rọ̀ yìí dára fún ajá tí ọkọ̀ tẹ̀, tí egbò rẹ̀ kò lè san mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni ilé yóò máa kọ sínú ìwé rẹ̀ fún ajá tí kò ní àrùn kankan. Àánú ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí àyè mọ́ fún ẹni tí yóò béèrè bóyá àánú ni lóòótọ́. Bákan náà ni ìfisùn, tí àwọn mìíràn mú láti inú àṣà Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ní èdè ọ̀wọ̀ fún ikú ènìyàn, ó sì ní èyí tí ó jẹ́ ti ọba nìkan, ṣùgbọ́n inú ìwé ìkíni àti ọ̀rọ̀ ìtùnú ni àyè wọn wà, kì í ṣe inú ìwé ìṣirò.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ni ti àwọn tí yóò wí pé kí wọ́n kọ pípa lásán, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni pípa tí Yorùbá mọ̀. Wọ́n ń pa ẹran jẹ, wọ́n ń pa ajá bọ Ògún, olè ń pa ajá onílé kí ó má baà gbó. Bí òǹkàwé bá rí i pé ilé kan pa ajá 60 lọ́dún, tí kò sì sí àlàyé, ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni yóò wá sí i lọ́kàn. Pípa lásán ń fẹ̀sùn kan ilé náà bí ìpa-àánú ti ń dá a láre.

Ohun tí ó yẹ ni kí ọ̀rọ̀ náà dá ìṣe mọ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn ẹran fọwọ́ sí jù lọ lónìí ni abẹ́rẹ́ oògùn pentobarbital, tí ń mú ẹran sùn kí ọkàn rẹ̀ tó dúró. Láti inú gbólóhùn fi abẹ́rẹ́ pa ni ìfabẹ́rẹ́pa ti jáde, gẹ́gẹ́ bí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti jáde láti inú irú ìhun kan náà, pẹ̀lú ìpajẹ fáwẹ̀lì àti àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-. Ọ̀rọ̀ náà sọ ohun tí ọwọ́ ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdí yóò wá tẹ̀lé e: ìfabẹ́rẹ́pa nítorí ìrora, nítorí ewu, nítorí àyè, tàbí nítorí ìbéèrè ẹni tí ó ni ín. Ìwé tí kò bá kọ ìdí kò pé. Àǹfààní mìíràn ni pé ìhun náà ń yá ọ̀nà fún ọ̀nà ìpa mìíràn: níbi tí wọ́n ti lo gáàsì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà ti ṣe ní ọ̀rúndún ogún, ìfigáàsìpa ni wọn yóò kọ, òǹkàwé yóò sì mọ̀ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀.

Ó ku àìpa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, no-kill, ti di àmì tí àwọn ilé ń fi síwájú orúkọ wọn, ó sì ti fa ìjà púpọ̀ láàrin àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí olùtumọ̀ bá tètè kọ ilé aláìpẹran, ó ti parọ́ láìmọ̀. Nínú gírámà Yorùbá, àì- kò mọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kan ṣoṣo kì í ṣe aláìnígbèsè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ilé tí ó bá gba ẹ̀mí 90 là nínú gbogbo 100 ẹran tí ó wọlé ti yege. Òṣùwọ̀n yìí ni ẹgbẹ́ Best Friends Animal Society ti ìpínlẹ̀ Utah ń lò. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé àwọn tí àrùn tàbí ìwà wọn kò ní àtúnṣe kò sábà ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Èrò náà ní ìdí, ṣùgbọ́n ìṣirò àárín ni. Ilé kan lè dé 91 kí ó sì ti pa ajá abarapá nítorí àyè. Òmíràn lè dúró sí 88 nítorí pé ajá arúgbó àti ajá tí ọkọ̀ tẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá fún un, kí ó má sì pa ẹyọ kan tí kò sí nínú ìrora.

Nítorí náà, ilé olóṣùwọ̀n-90 ni ìtumọ̀ tí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Kò dùn létí bí aláìpẹran, kò sì ní wu àwọn tí ń tọrọ owó. Ibi tí ọ̀rọ̀ aláìpẹran ti lè dúró ni ilé tí kò pa ọ̀kankan rí, fún ìdí yòówù. Ẹni tí ó bá sì rí irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún ajá tí ìrora rẹ̀ kò lópin.

5. Ìdá mẹ́ta láti inú ilé kan

Kí olùkàwé fi ọkàn ro ilé kan tí ẹran 500 wọ̀ láàrin ọdún kan. 400 jáde láàyè: àwọn kan padà sọ́dọ̀ olúwa wọn, àwọn kan rí olúwa tuntun, wọ́n sì kó àwọn kan lọ sí ilé mìíràn. Wọ́n fabẹ́rẹ́pa 60. Ogún kú nínú àgò fúnra wọn. Ogún ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọdún parí.

Ní oṣù August 2004, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ńláńlá pàdé ní Asilomar ní California, wọ́n sì fẹnu kò sí ọ̀nà ìṣirò kan tí gbogbo ilé lè jọ lò. Ìdá àjáde láàyè ni ó yẹ kí ó máa jẹ́ ní Yorùbá. Wọ́n ń pín iye àwọn tí ó jáde láàyè pẹ̀lú gbogbo àjáde. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú tàbí tí ó sọnù lọ́wọ́ ilé kò sí nínú gbogbo àjáde yẹn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí kò ní ìwòsàn tí olúwa wọn sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa kò sí níbẹ̀. Fún ilé àfinúrò yìí, 400 nínú 460 ni, ìyẹn 87 nínú 100. Bí wọ́n bá ka àwọn tí ó kú nínú àgò mọ́ ọn, 400 nínú 480 ni, ó di 83. Ọ̀nà kẹta ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: nínú 500 tí ó wọlé, 80 ni ẹ̀mí wọn bọ́ sọ́wọ́ ilé náà, 420 là á já, ó di 84. Ìdá ìlàájá ni a lè pe èyí.

Ọ̀kan nínú ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí àrùn ń pa ẹran rẹ̀ nínú àgò yóò fẹ́ràn ti àkọ́kọ́, ilé tí àgò rẹ̀ kún fún ẹran tí kò jáde fún ọdún mẹ́ta yóò sì fẹ́ràn ti ìkẹta. Olùyẹ̀wò tí ó bá fi 87 ilé kan wé 84 òmíràn láìbéèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀, ó ti fi òṣùwọ̀n kòǹgò wọn ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi ti agbọ̀n wọn èkejì.

Àdéhùn Asilomar tún pín ẹran sí ìsọ̀rí mẹ́rin: abarapá, aṣeéwòsàn, tí yóò padà bọ̀ sípò, aṣeémójútó, tí àrùn rẹ̀ kò ní lọ ṣùgbọ́n tí ó ṣeé bá gbé, àti aláìṣeéwòsàn, tí ajá tí ó léwu fún ènìyàn wà lára rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti ṣẹ̀dá. Ohun tí ó ṣòro ni pé àdéhùn náà fi ìtumọ̀ wọn sí ọwọ́ agbègbè kọ̀ọ̀kan: ìtọ́jú tí ẹni tí ó ní làákàyè tí ó sì fẹ́ràn ẹran rẹ̀ yóò ṣe ní àdúgbò náà ni òṣùwọ̀n. Ajá kan náà lè jẹ́ aṣeéwòsàn ní ìlú olówó kí ó sì di aláìṣeéwòsàn ní ìlú tálákà. Èyí kì í ṣe àbùkù, òtítọ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìtumọ̀ Yorùbá máa gbé gbólóhùn ní agbègbè yìí dání ní gbogbo ìgbà, nítorí pé bí ó bá já sílẹ̀, òǹkàwé yóò rò pé ìmọ̀ ìṣègùn nìkan ni ó sọ ọ́.

6. Àgò àti ọwọ́

Lójú àlejò, ilé tí ó ní àgò 100 lè gba ẹran 100. Ìṣirò ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ni ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, fún ẹran kan lóòjọ́: 9 fún ìmọ́tótó, 6 fún oúnjẹ. Ẹran 100 yóò gba ìṣẹ́jú 1,500, ìyẹn wákàtí 25. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí ń ṣe wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ kò lè parí rẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ rírìn pẹ̀lú ajá tàbí fífún un ní oògùn. Agbára-ìtọ́jú ni ọ̀rọ̀ tí ó bá èyí mu, ó sì yàtọ̀ sí àyè. Ìlànà ìtọ́jú tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ẹran inú ilé-ààbò tẹ̀ jáde ní 2010, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2022, fi í ṣe òpó pàtàkì.

Iye ọjọ́ ìdúró ni ó so mọ́ ọn. Bí ẹran 5 bá ń wọlé lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lo ọjọ́ 20, ẹran 100 ni yóò wà nínú ilé ní ọjọ́ kan. Bí ilé náà bá lè mú un wá sí ọjọ́ 12, 60 ni yóò wà níbẹ̀, láìkọ ẹnikẹ́ni, láìpa ọ̀kankan sí i.

Ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dín ọjọ́ yìí kù ni kí wọ́n gbé ẹran sílé ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí ilé-ààbò ṣì ni ín. Yorùbá kò ní láti wá ọ̀rọ̀ fún èyí jìnnà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ènìyàn ti ń gba ewúrẹ́ tàbí adìẹ ẹlòmíràn sìn, tí ẹran náà kò sì di tirẹ̀. Àgbàsìn ni. Ó yẹ kí àwọn olùtumọ̀ dẹ́kun lílo ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí ó mú ajá lọ pátápátá. Fún ìyẹn, ìsọditẹni ni ó dára, ní ìhun kan náà pẹ̀lú ìsọdọmọ inú Bíbélì. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnu lásán: ilé tí ó bá ka àgbàsìn mọ́ àjáde láàyè ti ka ẹran tí ó ṣì lè padà wá.

7. Ẹ̀rí

Orúkọ wo ni ó yẹ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí? Lámèyítọ́ ti di ti àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀, ó sì ń ro pé ẹni náà ti mọ èyí tí ó tọ́. Adájọ́ le jù. Olùyẹ̀wò ni ó rẹlẹ̀ jù lọ, òun ni ó sì dára jù lọ. Ìgbéléwọ̀n, tí ó ti inú gbé lé ìwọ̀n jáde, yóò wà fún apá tí ó ní nọ́ńbà nìkan.

Ohun tí olùyẹ̀wò ń kó jọ lọ́wọ́ àwọn àlejò pín sí méjì, ó sì yẹ kí ìwé rẹ̀ máa pín wọn. Ẹ̀rí-ojú ni ohun tí ẹni náà rí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó rí i: omi kò sí nínú abọ́ ajá mẹ́ta, ilé náà ń rùn, òṣìṣẹ́ kan bá òun lọ síbi àwọn ológbò. Àgbọ́sọ ni pé wọ́n ń pa wọ́n lóru. Ẹni tí wọ́n kọ̀ láti fún ní ajá nítorí pé kò ní ọgbà lè jẹ́rìí òtítọ́ nípa abọ́ omi. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ lé dànù nítorí inú bí i, ṣùgbọ́n ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé wọ́n kọ̀ fún un. Bákan náà ni ẹni tí ó gba ajá tí ó sì ń yin ilé náà. Ilé tí ẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ ìfèsì kí ìwé tó jáde, kí èsì rẹ̀ sì wà lójú ewé kan náà pẹ̀lú ẹ̀sùn. Olùyẹ̀wò kò sì gbọdọ̀ gba owó tàbí ẹran lọ́wọ́ ilé tí ó ń yẹ̀ wò.

Ìṣòro tí ó kù ni ti ẹlẹ́rìí tí ó wà nínú ilé náà gan-an, òṣìṣẹ́ tàbí olùyọ̀ǹda ara rẹ̀ tí ó rí ìwé tí wọ́n yí padà. Atúdìí-àṣírí ni àwọn kan ń pè é, ó sì ń mú kí ó jọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú sísọ. Akọni ni àwọn mìíràn ń pè é, ó sì ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ múlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlẹ́rìí-inúulé ni ó kúnjú òṣùwọ̀n. Olùyẹ̀wò gbọdọ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Gbogbo ayé kò ní láti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó yẹ kí ilé náà rí gbà ni ọjọ́, ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀, àti ẹran tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ó lè mú ìwé tirẹ̀ wá.